Ẹni Tó Ń Gbé Ọkọ̀ Wa Lọ

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá Alágbàfọ̀ lẹ́bi, kó kọ́kọ́ lọ dúró sídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó gùn ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ, ooru sì ń tú lára rẹ̀ bí ẹni pé ó ń bínú sí ẹni tó dúró tì í. Èèyàn méjì ló máa ń ki aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí i lẹ́nu, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n á na aṣọ náà, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́nu ẹ̀rọ, kó tó wọlé tán, òmíràn ti ń dúró. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kì í tán láyé. Ẹni tó sùn lánàá ti lọ, ẹni tó máa sùn lónìí ń bọ̀, aṣọ funfun ṣáá ni láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ èèyàn á fi wú nínú bàtà.

Tí obìnrin yìí bá sì délé, iṣẹ́ mìíràn ló ń dúró dè é. Bàbá rẹ̀ wà lórí àga nínú yàrá, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ó sì gba apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ọn. Á wẹ̀ fún wọn, á fi ṣíbí bọ́ wọn, á pààrọ̀ aṣọ wọn, á gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ sọ fún mi, irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ló kù tó máa fi rẹ́rìn-ín láyé?

Ẹgbẹ́ kan ló kù fún un, inú fóònù sì ni ẹgbẹ́ ọ̀hún wà.

Àwọn mẹ́rin ni, wọn ò fojú kanra rí. Alága ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó ń ta páànù ìkọ́lé, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga ìgbìmọ̀. Ẹlẹ́kún jẹ́ tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ní kíláàsì, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, àmọ́ kí wọ́n ṣáà ti fi nǹkan tó ń jìyà hàn án nínú fíìmù, omi ti dé ojú. Ẹnì kẹta wọn ni Kòdára. Dókítà eyín ni, kò sì sí fíìmù tàbí géèmù tí wọ́n ṣe rí tí kò ní sọ pé kò dára. Bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ o, torí gbogbo ẹnu tó bá là níwájú rẹ̀, ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ló ń wá. Alágbàfọ̀ ló ṣìkẹrin wọn.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á yan fíìmù, oníkálukú á wò ó nílé rẹ̀, wọ́n á wá fi ohùn sọ èrò wọn. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé èémí kan ṣoṣo ni èrò gbọ́dọ̀ jẹ. O fa èémí sínú, o sọ tẹnu rẹ, ibi tí èémí bá tán sí, ibẹ̀ ni èrò rẹ parí sí, ì báà jẹ́ àárín ọ̀rọ̀. Alága ló ṣe òfin yẹn lẹ́yìn tí Ẹlẹ́kún fi ohùn kan ránṣẹ́ nípa ìyá àgbà kan nínú fíìmù, tó gùn bí ìwàásù. Ẹni tó bá yọ́ mí láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n á pariwo lé e lórí: "O mí! A gbọ́ ọ!"

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Ẹlẹ́kún ló yan fíìmù. Ọkùnrin kan ń wá ajá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin, kò sì rí i. Fíìmù parí, ọkùnrin náà jókòó sétí òkun, ó ń wo omi.

Ẹlẹ́kún fa èémí. "Mo sunkún nígbà tó ra oúnjẹ ajá sílẹ̀, mo sunkún nígbà tó ń pè é lórí òkè, mo tún wá sunkún nígbà tó rí okùn ọrùn rẹ̀ lábẹ́…" Ó tán.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ni Kòdára dá a lóhùn. "Fíìmù yìí ò dára. Ajá yẹn nìkan ló gbọ́n nínú gbogbo wọn. Ó mọ ibi tí eré náà ń lọ, ló bá sá."

Alága ní àwòrán òkun yẹn wu òun, ṣùgbọ́n ká ní òun lòun ṣe fíìmù náà, òun á jẹ́ kí ajá padà wálé, torí aráyé ti jìyà tó.

Ó kan Alágbàfọ̀. Ó ti wo fíìmù náà ní wẹ́wẹ́, díẹ̀ nígbà oúnjẹ ọ̀sán, díẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, ìyókù nídìí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ọkùnrin yẹn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni? Ta ló ń bá a fọ aṣọ ní gbogbo ìgbà tó fi ń wá ajá kiri? Kóòtù funfun ló wọ̀ wọ inú ẹrẹ̀, ó jáde, kò ní àbàwọ́n kankan. Irọ́ ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lẹ fóònù mọ́ etí, gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má dá a lẹ́bi nìyẹn. Ẹ̀rín àwọn èèyàn yẹn ló ń gbé e dé ọjọ́ kejì.

Yàtọ̀ sí fíìmù, géèmù kan wà tí wọ́n jọ ń gbá lálẹ́, oníkálukú nídìí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ogun ni. Ìlú kan wà lórí òkè, ọ̀tá ń gòkè bọ̀ láti àfonífojì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣọ́ ìlú náà. Ọkọ̀ ẹrù kan ṣoṣo ló ń gbé ọta ìbọn àti oògùn lọ bá wọn lórí òkè. Tí ọkọ̀ yẹn ò bá sí, ìlú ti bọ́. Àwọn tó ni géèmù kì í sì í fún ẹni tuntun ní ọkọ̀ ọ̀hún. Èèyàn á gbá géèmù náà fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó gbà pé ó tó awakọ̀. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Alágbàfọ̀ àti Kòdára nìkan ni orúkọ wọn ti débẹ̀. Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ sì ti ń kanlẹ̀kùn, ìyẹn tí wọ́n ti ń múra fún láti ọdún tó kọjá. Ló bá di pé àwọn tó bá ráyè á wọlé lọ́sàn-án lọ dánra wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wàhálà dé. Alágbàfọ̀ jáde lọ jẹun, ó ṣí fóònù, ó bá ọ̀rọ̀ jọ bí aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀.

"Alágbàfọ̀, níbo lò ń gbé ọkọ̀ lọ?" Alága nìyẹn.

"Alágbàfọ̀, dáhùn! Ọta ti tán lọ́wọ́ wa o!" Alága náà ni.

"Wọ́n ti pa mí." Ẹlẹ́kún nìyẹn. "Mo ń sunkún."

Kòdára ló kọ̀wé gbẹ̀yìn. "Ìwakọ̀ yìí ò dára. Rárá, mo ṣìwí. Ìwakọ̀ náà dára, ibi tó ń lọ ni ò dára."

Alágbàfọ̀ dá wọn lóhùn pé ibi iṣẹ́ lòun wà, ọwọ́ òun wà nínú aṣọ láti àárọ̀. Wọ́n rò pé ó ń ṣeré ni. Ọjọ́rú dé, nǹkan kan náà tún ṣẹlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, kò yìnbọn, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ẹrù, ó gba ẹnubodè ìlú jáde, ó kọjá afárá, ó sì mú ọ̀nà gbọọrọ kan pọ̀n tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbà rí, torí kò sí ọ̀tá lápá ibẹ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ikú.

Alága wá fi ohùn ránṣẹ́ sí Alágbàfọ̀ nìkan. "Àbúrò mi, mi ò pè ọ́ ní onírọ́. Ṣùgbọ́n ìdíje ti dé tán. Tí nǹkan yìí ò bá dúró, a máa ní láti fi ẹlòmíràn sípò rẹ, torí a ò lè jẹ́ mẹ́rin kí ẹnì kan máa bá ọ̀tá ṣiṣẹ́. Má bínú sí mi."

Ẹ̀rù bà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ní ọ̀rẹ́ ní òpópónà, tó ní ẹbí tó ń wá kí i, ìyẹn lè ní géèmù lásán ni. Òun ò ní irú ìyẹn. Bí wọ́n bá fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀ nínú ogun, ẹlòmíràn náà láá máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fíìmù, tó bá sì ṣe díẹ̀, wọ́n á gbàgbé ohùn rẹ̀. Ó dúró ti ẹ̀rọ ìlọṣọ lọ́sàn-án yẹn, ó ń ki aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ láì mọ̀ pé òun ń kì í.

Ó yí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó fi ń wọlé padà lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, olè náà tún wọlé wẹ́rẹ́, bí onílé.

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ni Kòdára wí. "Irú olè wo ló máa jí orúkọ èèyàn, tí kò ní tà á, tí kò ní fi lu jìbìtì, tó kàn ń wakọ̀ kiri? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Alágbàfọ̀, ta ló wà nílé rẹ lọ́sàn-án?"

Inú bí Alágbàfọ̀. "Ta ni ì bá tún wà nílé mi? Bàbá mi ni, tí wọn ò lè dá gbé ṣíbí!"

"Ó tó," ni Alága wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó wá bá adìyẹ wí. Tó bá wọlé lọ́la, a ó lúgọ dè é nídìí afárá. A ó dáná sun ún tọkọ̀tọkọ̀. Lẹ́yìn náà, màá fẹjọ́ orúkọ yẹn sun àwọn tó ni géèmù, wọ́n á tì í pa, kò ní lè wọlé mọ́ láé. Alágbàfọ̀, orúkọ rẹ á lọ sí i o, wàá padà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ṣì ni tiwa. Kí lo rí sí i?"

Kò ronú lé e. Ibi tí wọ́n ti ní "ìwọ ṣì ni tiwa" nìkan ló gbọ́.

"Ẹ pa á," ló kọ sí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n fi fídíò ránṣẹ́. Alágbàfọ̀ gbá ẹnìkejì rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ mú, wọ́n jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, wọ́n jọ ń wò ó. Ọkọ̀ ẹrù náà ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láti ẹnubodè. Alága, Ẹlẹ́kún àti Kòdára jáde sí i láti abẹ́ afárá, ìbọn lọ́wọ́. Olè náà ò sá. Ó rọra dín eré kù, ó tan tírafíkétọ̀, iná pupa tó ń ṣẹ́jú ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn, ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì dúró bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, póò, ó ń dúró kí wọ́n kọjá.

"Ta ló ń tan tírafíkétọ̀ lójú ogun?" ni ohùn Alága ń sọ nínú fídíò, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ìwà ọmọlúwàbí yìí ò dára," Kòdára dáhùn, ó sì ju bọ́ǹbù. Ọkọ̀ náà gbaná. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣí díẹ̀, ó tún pa dé. Iná ọ̀nà yẹn ṣì ń ṣẹ́jú nínú èéfín fún ìgbà díẹ̀ kó tó kú.

Ẹnìkejì Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá a lẹ́yìn. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá tún ṣe? Wọ́n ti gba ipò rẹ̀ padà fún un. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé olè kú iṣẹ́, kó lọ wa ọkọ̀ lọ́run, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bó ṣe wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá Òkè ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà yìí ń gbé lókè ilé wọn, òun ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ wo Bàbá lọ́sàn-án.

"Ọmọ mi, ó dáa bó o ṣe dé," ni Màmá Òkè wí. "Bàbá ò jẹun ọ̀sán o. Ẹkún ni wọ́n ń sun. Eré mọ́tò wọn ló bàjẹ́."

"Eré mọ́tò wo, Màmá?"

"Èyí tí wọ́n máa ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n náà ńkọ́! Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tan tẹlifíṣọ̀n fún wọn, mo wá rìmóòtù títí, àfi èyí dúdú tó sanra yẹn ni mo rí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tanná, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Àfi bí mọ́tò ṣe jáde! Inú wọn dùn, ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo ti rí i kí inú wọn dùn bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìwọ lo tò ó sílẹ̀ dè wọ́n."

Alágbàfọ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ yàrá.

Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Páàdì géèmù wà lórí itan wọn. Wọ́n ti gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú lé e lórí kó má baà yẹ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àkọlé funfun tó sọ pé a ti ti orúkọ yìí pa. Orí fóònù nìkan ni ọmọ ti yí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ padà, ẹ̀rọ tó wà nílé ò sì bi bàbá léèrè nǹkan kan, ẹni tó bá tàn án ló ń ṣílẹ̀kùn fún.

Iṣẹ́ awakọ̀ ẹrù ni bàbá yìí ṣe láyé wọn. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn ti ń hù ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ẹrù, tí wọ́n ń gbé sìmẹ́ńtì, irin, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, títí ọjọ́ tí àrùn náà fi dá wọn wólẹ̀ nínú gáréèjì. Gbogbo èyí ni ọmọ wọn mọ̀. Kò kàn rántí rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti di ẹni tí à ń wẹ̀, tí à ń bọ́, lójú rẹ̀.

Bàbá rí i. Wọ́n fi ojú hàn án ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tẹ páàdì, wọ́n tún wò ó, bí ẹni ń sọ pé, wò ó, bá mi tún un ṣe. Omijé ti gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ṣíbí ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun ò lè gbé ṣíbí. Irọ́ ni. Ẹni tó lè fi ọwọ́ òsì wa ọkọ̀ kọjá láàárín ogun lè gbé ṣíbí. Òun ni kò ráyè dúró dè wọ́n. Ó rọrùn láti ki oúnjẹ sí wọn lẹ́nu kíá, bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kó tún máa lọ. Ó sì tún kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n pa Bàbá. Ojú ti obìnrin yìí débi pé ó fi etí aṣọ bo ojú rẹ̀.

Ó gbé fóònù, ó tẹ ibi ohùn.

"Bàbá mi ni, àwọn ló ń wakọ̀, wọn ò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ kan ló kù fún wọn, awakọ̀ ẹrù ni wọ́n kó tó di pé àìsàn dé, mi ò mọ̀, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ pa wọ́n, ẹkún ni wọ́n sì ń sun báyìí, mi ò rí i kí wọ́n sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí màmá mi…"

Èémí tán. Ó ti mọ́ ọn lára, ìka rẹ̀ kúrò lórí fóònù fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lọ ní àbọ̀.

Ó ń wo fóònù. Ó rò pé wọ́n ti já òun sílẹ̀. Ohùn Kòdára ló kọ́kọ́ wọlé, ó kúrú.

"Mí. Mí dáadáa. Kó o wá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ."

Ó mí, ó sì sọ ìyókù. Ó sọ nípa ẹ̀rọ ìlọṣọ, ó sọ nípa ṣíbí, ó sọ bí ó ṣe rẹ òun tó. Kò sẹ́ni tó pariwo pé ó mí.

Nígbà tó parí, Alága ní, "Ha. Mo ti fẹjọ́ wọn sùn. Wọn kì í sì í ṣí orúkọ tí wọ́n bá ti tì pa." Ohùn ìgbìmọ̀ yẹn ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

Ẹlẹ́kún, ẹni tó sunkún nítorí ajá, kò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn ní, "Wọ́n yà fún wa lọ́nà. Wọ́n rò pé a fẹ́ kọjá ni."

"Ẹ fún Bàbá ní orúkọ tèmi," ni Kòdára wí. "Ọkọ̀ wà níbẹ̀. Màá fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ mi ránṣẹ́."

"Ìdíje ńkọ́?" Alága bi í. "Alágbàfọ̀ ò lórúkọ mọ́, ìwọ náà tún fẹ́ gbé tìẹ sílẹ̀. Ṣé èmi àti Ẹlẹ́kún la máa dá jà?"

"Ìdíje yẹn ò dára."

"Òótọ́ ni," ni Alága wí. "Kò dára tó."

"Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ Bàbá o," Kòdára fi kún un, "kí wọ́n má fi ọkọ̀ mi kọ lu ògiri. Ojú mi rí tó kí n tó rí ọkọ̀ yẹn gbà."

Ọjọ́ Àìkú ni Alágbàfọ̀ kì í lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi orúkọ Kòdára wọlé, ó tẹ́ páàdì sórí itan bàbá rẹ̀, ó fẹ́ bá wọn gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Bàbá ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n gbé e fúnra wọn. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó dúró dè wọ́n.

Ọkọ̀ gbéra. Ó gba ẹnubodè jáde. Alága àti Ẹlẹ́kún wà nídìí afárá, wọ́n ti fi ìbọn sílẹ̀. Bí Bàbá ṣe rí wọn, àtàǹpàkò wọn dúró lórí páàdì. Alágbàfọ̀ gbọ́ bí èémí wọn ṣe yí padà. Iná ọ̀nà tàn, ọkọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró.

"Ẹ má bẹ̀rù, Bàbá," ló wí. "Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Ẹ máa lọ."

Nínú tẹlifíṣọ̀n, Ẹlẹ́kún ló kọ́kọ́ bọ́ kúrò lójú títì. Alága tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì dúró sínú koríko, wọ́n kó ara wọn jọ bí ọmọ iléèwé. Bàbá wò wọ́n títí, wọ́n wá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kọjá.

Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ti dá a rò lọ́kàn rẹ̀ pé ibì kan wà, bóyá ibi kan tó jọ ojúlé tí wọ́n gbé nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, bóyá odò kan, bóyá gáréèjì. Ọ̀nà náà gùn, igi lápá ọ̀tún, igi lápá òsì. Nígbà tó yá, wọ́n dé ibi tí àwọn tó ṣe géèmù náà ò ṣe é dé mọ́. Ọ̀nà dúró gbágbáágbá, kò sí nǹkan kan níwájú ju ìkùukùu aláwọ̀ eérú lọ. Bàbá fà sẹ́yìn, wọ́n yí ọkọ̀ padà tìṣọ́ratìṣọ́ra, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè, wọ́n tún yí i, wọ́n tún lọ.

Ẹlẹ́kún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Níbo ni wọ́n máa ń lọ?"

"Kò síbì kankan," ni Alágbàfọ̀ kọ padà. "Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

Ó fẹ́ dìde. Aṣọ Bàbá wà nínú omi, kò tíì dáná, ilẹ̀ yàrá ń dúró de ìgbálẹ̀, aṣọ iṣẹ́ tó máa wọ̀ lọ́la ò tíì gbẹ. Ó gbé ọwọ́ lé apá àga kó lè fi dìde, ọwọ́ kan sì dì í mú léjìká. Bàbá ti fi páàdì sílẹ̀. Ọkọ̀ dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá gbé ọwọ́ òsì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n di ojú, wọ́n sì la ojú padà, wọ́n nàka sí ẹní tó wà nílẹ̀.

Ó mọ àmì yẹn. Ó ti gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà ní kékeré, tí iléèwé bá gba ìsinmi, Bàbá máa ń gbé e lọ sí ìrìn àjò. Bẹ́ẹ̀dì tóóró kan wà lẹ́yìn àga awakọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Nítorí náà, tí ojú bá ti ń kún ọmọ, Bàbá á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ báyìí. Sùn. Mo ń wakọ̀.

"Bàbá, aṣọ yín wà nínú omi," ló wí.

Wọ́n tún nàka sí ẹní. Ojú wọn le, ojú bàbá sí ọmọ ni.

Ó sùn kalẹ̀ sórí ẹní lẹ́bàá àga wọn. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn padà sórí páàdì, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n sì wọ ojú ọ̀nà. Fóònù ń ró, ẹgbẹ́ ti ń jiyàn lórí fíìmù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Kòdára ti ní kò dára kí wọ́n tó wò ó. Alágbàfọ̀ ò gbọ́ ọ. Ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Bàbá sì rọra dín eré kù, torí ọmọ wà lẹ́yìn ọkọ̀.